Ẹlẹ́rìí Oṣù

Bí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la, ojú Alhaji Làtíìfù ni àwọn ará mọ́sálááṣí rẹ̀ ní Peckham fi ń wo oṣù.

Kì í kúkú ṣe pé ojú náà mú ju ti ẹlòmíràn lọ. Bàbá náà ti fi ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, dígí wà lójú rẹ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá gun òkè tó wà lápá Brockley lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí kùrukùru sì bo sánmà London, àwọn mìíràn á máa nawọ́ pé, "Òun nìyẹn, òun nìyẹn," tó bá sì di pé ẹ wò ó dáadáa, iná ọkọ̀ òfuurufú ni. Làtíìfù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí i, á ní òun ò rí i, á sì máa lọ sílé. Bó bá rí i, á pe Ààfáà lórí fóònù, á ní, "Ó ti lé," á pa fóònù. Ààfáà kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo mọ́sálááṣí kékeré tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lẹ́yìn Rye Lane á dìde sáàrì lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń bi nípa ọmọ ẹni. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ẹbí ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí. Wọn kì í bi ìyá ọmọ, nítorí ta ni yóò pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kíkan? Aládùúgbò ni wọ́n ń bi. Ìlú òyìnbó ò pa àṣà náà, ó kàn gbé e gun bọ́ọ̀sì ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaja Sherifat ṣe wọ bọ́ọ̀sì láti Sydenham wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ó jókòó sórí àga Làtíìfù, ó ní òun ò ní jẹun, ó sì gba tíì. Roqeeb ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní àdúgbò Elephant, ti rí ọmọbìnrin kan. Hameedah ni, ọmọ Àsúmáù, tí ilẹ̀kùn ilé wọn kọjú sí ti Làtíìfù ní àjà kẹrin ilé kánsù kan náà.

"Alhaji, amánà, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán, ni mo wá gbé lé yín lọ́wọ́," ni Alhaja Sherifat wí. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń rí ọmọ yìí láàárọ̀ lálẹ́. Ṣé ó ṣeé mú wálé?"

"Ó ń kírun. Ó kàwé. Èdè Jámánì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé. Mi ò rí ọkùnrin kan tó ń wọlé tọ̀ ọ́ rí."

"Gbogbo ayé ló sọ ìyẹn fún mi. Ìwà ńkọ́?"

Làtíìfù kì í ra ohunkóhun láìṣírò ohun tó máa ná an, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá. Bí òun bá sọ ọ́, ta ni yóò san án? Bí òun ò bá sọ ọ́, tí ọmọ náà wọlé ọkọ tí ilé náà dàrú, ta ni yóò san ìyẹn náà? Ó rántí àwọn òwúrọ̀ tó ń pàdé Hameedah lórí àtẹ̀gùn. Láàárọ̀ òmíràn, ọmọ náà á kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tútù kó tó kí i, á ní, "Uncle, orúnkún yín yìí ti tó gba pension tiẹ̀ o," àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí dé ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ mìíràn, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ á pọ́n, ẹnu rẹ̀ á dì. Ó fagbára ti ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ kan tó fi jẹ́ pé àwòrán Káábà tí Làtíìfù fi kọ́ ara ògiri já bọ́.

"Ọmọ dáadáa ni," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ó ń yí bí oṣù. Lónìí á mọ́lẹ̀ rekete. Lọ́la, ẹ ò ní rí i mọ́."

Alhaja Sherifat gbé kọ́ọ̀pù tíì sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, Alhaji. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ Roqeeb dá ní àdúgbò. Ọkọ̀ rẹ̀ tó máa ń dúró sísàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ò rí i mọ́. Nínú mọ́sálááṣí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti tutù. Àánú Hameedah ṣe Làtíìfù díẹ̀, bí àánú ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ ṣe máa ń ṣe awakọ̀ tó ń bá àsìkò rẹ̀ lọ. Òótọ́ lòun sọ, amánà lòun pa mọ́. Ó jẹun, ó sì sùn.

Lífítì ló tú àṣírí.

Lífítì ilé náà máa ń bàjẹ́, kì í ṣe nǹkan tuntun. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, wọ́n kanlẹ̀kùn. Hameedah ló dúró síta, ó ti wọ kóòtù, kò sì kúnlẹ̀.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lift ti tún bàjẹ́. Council ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí part ẹ̀ rà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé Mummy sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé tá a fi máa gbé wọn? Kí ló ṣe wọ́n?"

Ọmọ náà wo àtẹ̀gùn lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Ẹ wọlé ná."

Làtíìfù ò rí Àsúmáù fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Nígbà mìíràn wọ́n ní ó lọ sí Ìbàdàn. Obìnrin tó bá lórí àga ìdáná ti wú lójú, ó wú lẹ́sẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, báńdéèjì sì wà ní apá rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Alhaji, ẹ wo Ìbàdàn tí mo lọ."

"Ìyá Hameedah. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kíndìnrín ni. Ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n á gbé mi wálé bí aṣọ tí wọ́n fún lómi. Òru ni iṣan máa ń fà mí. Ọmọ yìí ló ń jókòó tì mí, á máa fọwọ́ ra á títí di òwúrọ̀, á tún lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Ó di ọwọ́ Làtíìfù mú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kó má dé mọ́sálááṣí. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu àwọn èèyàn wa. Wọ́n á ní àìsàn ìdílé ni, ọmọ mi ò sì ní rọ́kọ fẹ́. Kódà ọmọ tó ń wá níjọ́sí, kò mọ̀. Mo ní kó má sọ fún un."

Hameedah wà nílẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ so okùn bàtà. Kò gbórí sókè.

Wọ́n gbé àga náà pẹ̀lú Àsúmáù lórí rẹ̀. Hameedah wà lókè, Làtíìfù wà nísàlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń sọ fún un ní gbogbo àtẹ̀gùn pé òun wà níbẹ̀. Wọ́n ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Àsúmáù ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun já bọ́, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bàtà tó gba òun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí Làtíìfù ṣe ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ yẹn, ojú Hameedah ló dojú kọ. Ó pọ́n. Ẹnu rẹ̀ dì. Ojú tó ń rí lórí àtẹ̀gùn yìí kan náà láti ọdún tó kọjá nìyẹn, tó ti ka sí ìwà. Àìsùn ni.

Ọkọ̀ ọsibítù gbé Àsúmáù lọ. Hameedah sáré tọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Làtíìfù gun àtẹ̀gùn padà ní òun nìkan, ó sì jókòó láìbọ́ bàtà.

Ṣé irọ́ lòun pa? Ó yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí irọ́ kan níbẹ̀. Ohun tí ojú òun rí lòun sọ. Àní ìyẹn gan-an ló ń dà á láàmú. Ká ní irọ́ ni, á mọ ibi tí yóò ti tọrọ àforíjì. Òótọ́ tó sọ kò tó ìlàjì, òun sì ló fi ẹnu tí gbogbo èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé sọ ọ́ bí ẹni pé ó pé. Ilẹ̀kùn méjì ló wà láàárín òun àti wọn, ọdún kan gbáko, kò kàn án lẹ́ẹ̀kan kó bi wọ́n pé, "Ṣé kò sí?" Kò ná an ní nǹkan kan láti béèrè. Nígbà tí Alhaja Sherifat bi í, inú rẹ̀ dùn pé ó ní èsì tó dùn-ún gbọ́, ó fi òṣùpá kún un bí iyọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́ Ajé náà, inú fíríìjì ló sùn.

Nígbà tó di Sátidé, ó gun òkè mọ́sálááṣí lọ tún híítà ṣe. Òun ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà pe oníṣẹ́. Ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí híítà náà wà, Hameedah ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní èdè Jámánì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kí Làtíìfù, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Làtíìfù bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí èèyàn fi ń sọ bí ẹnì kan ṣe rí. Ẹ̀yìn tó kọ sí wọn ò dí i létí.

"Aunty, kí ni *launisch*?" ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aishah béèrè.

"Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn lónìí, tó sì korò lọ́la, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí."

"Mummy mi nìyẹn."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o," ni Hameedah wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹ ò sì ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe òṣùpá ní *luna*. Àwọn Jámánì yá a lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè é ní *lūne*, bí òṣùpá ṣe ń yí láti kékeré di ńlá nìyẹn. Wọ́n gbà pé bó ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni inú ọmọ èèyàn ń bá a yí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbàgbé òṣùpá pátápátá, ó wá ku inú nìkan nínú ọ̀rọ̀ náà. Lónìí *Laune* ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí inú rẹ̀ ń yí, òun ni *launisch*."

"So, òṣùpá ló ń mú wọn bínú? Lóòótọ́?"

"Rárá o. Òṣùpá fúnra ẹ̀ gan-an kì í yí. Bó ṣe tóbi lánàá náà ló tóbi lónìí. Ibi tí oòrùn tàn sí lára ẹ̀ nìkan là ń rí láti ibi tí a dúró sí. Àwa tá a wà nísàlẹ̀ la máa ń ní ó ti lọ." Ó nu pátákó. "Ẹnì kan ti pe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀? Wọ́n ní mò ń yí bí oṣù. Mo ní, ah, wọ́n gbọ́ Jámánì."

Àwọn ọmọ tún rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Làtíìfù ń di nọ́ọ̀tì kan tó ti di láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn. Ó ń retí kí ọmọ náà wo apá ọ̀dọ̀ òun. Kò wò ó. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, kò sí ohun tó fi hàn. Gbólóhùn tó sọ nínú pálọ̀ ara rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sydenham, ó ti gba etí Roqeeb kọjá, ó sì ti padà wá bá ẹni tó ni ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wọ bọ́ọ̀sì tirẹ̀ lọ sí Sydenham, ó sì ń ṣírò láti ibi tó ti jókòó títí tó fi sọ̀kalẹ̀. Bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín fún Alhaja Sherifat, ìwà Hameedah á mọ́, àṣírí Àsúmáù á sì tú, ó sì ṣeé ṣe kí ìgbéyàwó náà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí àìsàn. Ìyẹn ni kí èèyàn fi aṣọ ẹlòmíràn nu ẹrẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ta. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ tó lè fi sanwó náà ni ẹnu rẹ̀.

"Alhaja," ó wí nígbà tó jókòó, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọmọ yẹn, mo wá gbà á padà."

"Ẹ gbà á padà? Ṣé bàtà ni, tí kò gbà yín lẹ́sẹ̀?"

"Mi ò rí i dáadáa."

"Kí lẹ wá rí báyìí tí ẹ ò rí nígbà náà?"

"Mi ò lè sọ."

Alhaja Sherifat wò ó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí, Alhaji. Nígbà tí ẹ máa ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹ ní àkàwé tó lẹ́wà. Nígbà tí ẹ máa tún un ṣe, ẹ ò ní ìdí kankan. Ìyá ẹ̀ ló rán yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

"Ẹni tó ń gbé ẹnu ọ̀nà yín, tí ẹ ń rí ní ojúmọmọ, ẹ ò rí i dáadáa. Oṣù tí ẹ ń bá wa wò nínú kùrukùru wá ńkọ́? Àwọn ààwẹ̀ tí a ti gbà lórí ọ̀rọ̀ yín, ṣé kí n tún wọn gbà?"

Ó ti retí iye yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n wá dá a lé e lójú koro, ó wúwo ju bó ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. "Ẹ lè sọ fún Ààfáà," ó wí.

"Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu yín sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀. "Ó sì ti pẹ́, Alhaji. Roqeeb ti ń bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ ní Croydon. Mi ò lè ní kó padà nítorí pé ẹnì kan rí nǹkan tí kò lè sọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Làtíìfù sọ fún Ààfáà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa wo oṣù. Ààfáà béèrè ìdí. "Ojú mi ò tó nǹkan mọ́," ó wí. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́sálááṣí ló ti mọ̀ pé ìyẹn náà, ìlàjì òótọ́ ni. Ó padà gòkè. "Mo jẹ́rìí èèyàn kan láìtọ́," ó wí. "Ẹ má bi mí pé ta ni." Ààfáà mi orí, kò sì sọ pé kó má lọ.

Ó ku ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́run kì í bá ẹnikẹ́ni foríjì ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí èèyàn sọ nípa ẹlòmíràn, èyí tí Kùránì fi wé jíjẹ ẹran ara rẹ̀; ẹni tí wọ́n jẹ ẹran ara rẹ̀ yẹn ni kí èèyàn lọ bá. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, lífítì ò tíì ṣe. Wọ́n gbé Àsúmáù sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ gbé e lọ. Àwọn méjèèjì ṣẹ́kù síwájú ilé, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀.

"Hameedah, èmi ni mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ oṣù yẹn."

"Mo mọ̀, Uncle. Ta ló tún ń fi oṣù sọ̀rọ̀ ní ilé yìí?"

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí lift tó bàjẹ́."

"O mọ̀, o sì wá kanlẹ̀kùn mi?"

"Mummy gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká kejì. "Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè kanlẹ̀kùn ẹ̀."

"Mo ti lọ bá ìyá Roqeeb. Mo ti gbà á padà. Mi ò sọ ti Mummy ẹ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó sọ fún un, títí kan ti Croydon. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Ọmọ náà ń wo ojú títì níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa yọ, ètè rẹ̀ dì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dì. Lọ́tẹ̀ yìí, Làtíìfù mọ ìdí rẹ̀, òun náà sì wà nínú ìdí ọ̀hún.

"Foríjì mí," ó wí.

"Uncle, mi ò tíì débẹ̀." Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. "Mi ò lè purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, màá pẹ́." Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà kó tó bojú wẹ̀yìn. "Ní Wednesday, ẹ má wọ slippers yìí mọ́. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ní àjà kejì, mo rí yín."

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ìwoṣù tún dé, àwọn yòókù gun òkè lápá Brockley lọ láìmú un lọ́wọ́. Làtíìfù dúró sídìí fèrèsé ìdáná rẹ̀. Sánmà mọ́ lọ́jọ́ náà, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n, ó sì rí i láàárín ilé gíga méjì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Nígbà tó tún dígí rẹ̀ ṣe, ó rí ìyókù rẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣókùnkùn, ó yípo ṣíkítí, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbọ́ tí fóònù ń dún ní ilé òdìkejì, ó gbọ́ tí Àsúmáù ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé oṣù ti lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá bàtà onírọ́bà tó fi ń wa bọ́ọ̀sì láyé ọjọ́un, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà de àárọ̀ Ọjọ́rú.